Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Láti Wá Ìkòkò Kan: Àyẹ̀wò Ọ̀nà Ìṣiṣẹ́ RE-ORG fún Mùsíọ́mù Kékeré

Ìbéèrè kan wà nínú ìwé RE-ORG, ìwé nípa títún yàrá ìpamọ́ mùsíọ́mù ṣe, tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù bi ara rẹ̀ kí ó tó san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan: bí a bá dárúkọ ohun kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ǹjẹ́ ẹ lè rí i nínú yàrá ìpamọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, àwa mẹ́jọ dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìpamọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kan ní agbègbè Kubwa ní Àbújá. A ṣí ìwé àkọsílẹ̀, a mú ohun mẹ́wàá nínú rẹ̀ láìṣà wọ́n, ọmọ agùnbánirọ̀ kan sì ń fi fóònù rẹ̀ ka àkókò. Mẹ́ta péré ni a rí kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé. Mẹ́rin ni a fi gbogbo òwúrọ̀ wá kí a tó rí wọn lábẹ́ àwọn ẹrù mìíràn, a kò sì rí mẹ́ta tó kù rárá lọ́jọ́ náà. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń yọ̀ǹda ara mi fún ilé yìí, mo sì ti gbà lọ́kàn pé mo mọ inú rẹ̀ bí mo ṣe mọ yàrá ara mi. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé n kò mọ̀ ọ́n.

RE-ORG ni orúkọ ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí àjọ ICCROM, àjọ àgbáyé fún ìtọ́jú ohun àjogúnbá, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní ìlú Róòmù ní Ítálì, pẹ̀lú àjọ UNESCO gbé kalẹ̀ kí àwọn mùsíọ́mù kéékèèké lè fi ọwọ́ ara wọn tún yàrá ìpamọ́ tó ti dojú rú ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìwé àlàyé àti àwọn fọ́ọ̀mù tí a ó máa kọ ìdáhùn sí. Àwọn mùsíọ́mù tí ohun inú wọn kò ju 10,000 lọ ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ìlú, ìjọ àti ìdílé dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa rí. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò fara sin. Ìwádìí tí àjọ méjèèjì ṣe ní 2011, tí àwọn mùsíọ́mù láti orílẹ̀-èdè 136 dáhùn sí, fi hàn pé nǹkan bí 60% àwọn ohun tó wà ní yàrá ìpamọ́ ni ewu ń bẹ lórí wọn. Ohun tí àlejò ń rí bí ó bá wọ mùsíọ́mù, díẹ̀ ni; èyí tó pọ̀ jù lọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì pa, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn nìkan ló sì mọ irú ipò tí ó wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ti tọ́ wò ṣáájú, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ iyì èyí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwa mẹ́ta dá owó jọ, a sì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì kan ní hòtẹ́ẹ̀lì kan láàárín ìlú. Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́, àlàyé rẹ̀ sì já gaara, ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi ọwọ́ kan ìkòkò, aṣọ tàbí ìlù kan. Àwòrán ara ògiri ni a wò. A gba ìwé ẹ̀rí, a ya fọ́tò, a padà sí Kubwa, yàrá ìpamọ́ wa sì wà bí a ṣe fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ mùsíọ́mù bá iṣẹ́ ọwọ́ mu ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ẹni tí yóò kọ́ aṣọ híhun, ẹ̀gbẹ́ òfì ló ń jókòó sí, ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ sì ti ń mú un lọ́wọ́.

Òkè Ọya kì í ṣe àjèjì sí irú ìkọ́ni bẹ́ẹ̀. Mùsíọ́mù Jos, tí òyìnbó awalẹ̀pìtàn Bernard Fagg dá sílẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ní 1952, ni UNESCO ti bá orílẹ̀-èdè wa dá ibùdó ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù ní 1963, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà náà sì wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jáde ní kíláàsì, inú mùsíọ́mù ló máa bọ́ sí. Bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí bá ní àyè láti lọ sí Jos fún oṣù tàbí ọdún, kí ó lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí mò ń ronú nípa wọn ni àwọn tí kò lè fi iṣẹ́ oòjọ́ wọn sílẹ̀: ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí ń wá ní Sátidé, ọmọ agùnbánirọ̀ tí ọdún kan péré ni yóò lò, obìnrin tí ń gbálẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rán lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rí. Àwọn gan-an ló ń fi ọwọ́ kan ẹrù lójoojúmọ́.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà. Ẹ ó kọ́kọ́ kó ìwé jọ, ẹ ó sì ya àwòrán ilẹ̀ yàrá pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó yẹ ipò yàrá wò. Ẹ ó wá ṣètò ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ní ìkẹyìn ni ẹ ó tó gbé ẹrù kúrò ní ojú kan lọ sí ojú kejì. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun mẹ́rin ni ẹ ó máa gbé yẹ̀ wò: bí a ṣe ń darí ilé náà, ilé fúnra rẹ̀ àti àyè inú rẹ̀, àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti pẹpẹ, àpótí pẹ̀lú àwọn ohun èlò kéékèèké. N kò ní fa èyí gùn, nítorí ìwé náà ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí: ìpele tí a ti ń gbé ẹrù ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nítorí pé bí a bá rí ìdọ̀tí, ìgbálẹ̀ ni ọwọ́ wa ń lọ bá.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ṣe wá lóore jù lọ ni ibi tí n kò retí. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ka ìwé náà, àwa mẹ́jọ kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Ọkùnrin tí ń ṣọ́ ilé, tí gbogbo wa ń pè ní Malam, Haúsá ló yé e jù. Obìnrin tí ń gbálẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Gbagyi ni, ó sì gbọ́ Haúsá. Màmá Tísà, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, ní kí a má ṣe fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní ìta ọ̀rọ̀. A fi ẹnu kò pé a ó sọ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní Haúsá àti ní Yorùbá kí a tó dáhùn ìbéèrè inú rẹ̀. Mo rò pé èyí yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó fà á sẹ́yìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá lè sọ ìbéèrè kan ní èdè ẹnu wa, a kò tíì mọ ohun tí ìbéèrè náà ń béèrè.

Apá tó dá lórí ilé béèrè bóyá omi máa ń wọlé. Àwa méje ti kọ “rárá” sílẹ̀ kí a tó túmọ̀ rẹ̀ fún Malam. Ó gbọ́ ọ tán, ó wo ilẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, omi ń wọlé.” Ó ṣàlàyé pé bí ìjì bá bá òjò wá láti ìhà ìlà-oòrùn, omi máa ń gba etí fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, àti pé ní gbogbo òru òjò ni òun máa ń gbé àpótí méjì kúrò lábẹ́ fèrèsé náà, tí òun á sì dá wọn padà kí ilẹ̀ tó mọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ń ṣí ẹrù kiri. Fọ́tò àtijọ́ ló wà nínú àpótí méjèèjì. Ìṣọ́ ọkùnrin yìí ló ti ń dáàbò bo àwọn fọ́tò náà láti ọdún mélòó kan, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè rí. Màmá Tísà dìde, ó ní, “Malam, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín.” Gbogbo wa pa ìdáhùn wa rẹ́, a sì kọ tirẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí a dé ibi ìkòkò. Ìkòkò amọ̀ Gbagyi pọ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí kò sì yani lẹ́nu ní agbègbè yìí. Ìlú Suleja, tí ń jẹ́ Abuja tẹ́lẹ̀, ni ibùdó ìkòkò mímọ tí òyìnbó amọ̀kòkò Michael Cardew dá sílẹ̀ wà, níbẹ̀ ni Ladi Kwali ti ṣiṣẹ́, obìnrin amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa, “ìkòkò omi” ni a kọ sí ìwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Obìnrin tí ń gbálẹ̀ yìí wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní mẹ́ta kì í ṣe ti omi: méjì jẹ́ ti ọtí ọkà bàbà, irú èyí tí ìyá ìyá òun ń lò, ọ̀kan sì jẹ́ ti oúnjẹ sísè nítorí èéfín tó wà ní ìdí rẹ̀. Bí ó ṣe ń gbé wọn sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa, nítorí pé kò di ètè ìkòkò mú rí. Àtẹ́lẹwọ́ kan wà ní ìdí, èkejì wà ní ikùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní mùsíọ́mù ńláńlá. A tún àkọsílẹ̀ ṣe, a sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fún wa ní ìmọ̀ náà. Nígbà tí ICOM, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù àgbáyé, gba ìtumọ̀ tuntun fún mùsíọ́mù ní ìlú Prague ní oṣù Kẹjọ 2022, wọ́n fi ìkópa àwọn ará ìlú àti pípín ìmọ̀ sínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ka ìtumọ̀ náà. Nídìí ìkòkò mẹ́ta yìí ni mo ti rí i lójúkojú.

Ìwọ̀n mẹ́wàá ni RE-ORG fi ń mọ yàrá ìpamọ́ tó dára. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo sọ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òmíràn ni pé kò gbọdọ̀ sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kankan tó wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Òmíràn ni pé a gbọ́dọ̀ lè mú ohun kọ̀ọ̀kan láì gbé ju ohun méjì mìíràn lọ kúrò nípò. Òmíràn sì ni pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mú ọkàn wa gbọgbẹ́ jù. A kó ẹ̀rọ amúnáwá tó ti kú jáde, àga tó ti ṣẹ́, báńnà àwọn ayẹyẹ àtijọ́, páálí ìwé ìpolówó àti òkìtì àpò sìmẹ́ńtì kan tí kò sí ẹni tó mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Nígbà tí a kó wọn jáde tán, ìdá kan nínú mẹ́ta yàrá náà ṣófo. Ẹ rántí pé ọdún méjì gbáko ni ilé yìí ti fi ń kọ lẹ́tà kiri láti tọrọ owó yàrá tuntun.

Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ní ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀ tí a kọ sílẹ̀, ìlú Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara ni ọkàn mi lọ. Ọmọ Ìgbómìnà ni mí; wọ́n kó wa láti ilé-ìwé lọ wo àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, nínú mùsíọ́mù tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Ọmọdé ni mí, ère tó jókòó ni mo rí, tí púpọ̀ nínú wọn jọ ara wọn. Ní báyìí, mo ń bi ara mi pé bí ẹnì kan bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, ta ni yóò mọ̀ bí kò ṣe nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ìwé tó sọ ibi tí nọ́ńbà náà ń jókòó? A fún gbogbo pẹpẹ wa ní lẹ́tà, a fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, a sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí iwájú ohun kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àkọsílẹ̀, nítorí pé ẹrù lè tún ṣí nípò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọ̀nà yìí kò ní ṣe fún yín. Ètò yàrá ló wà fún. Kì í ṣe ìwé ìtọ́jú ohun tó ti ń bàjẹ́, kò sì mọ ọyẹ́ Òkè Ọya bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ ibí máa ń gbẹ débi pé awọ ìlù á fà le, igi á sì là. Nígbà tí òjò bá dé, ọ̀rinrin á mú kí awọ àti aṣọ bu. Lẹ́yìn náà ni ikán, tí kò dá ìgbà kankan sí. A ní láti wá ẹ̀kọ́ sí i. Ibùdó ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Kánádà ní àkọsílẹ̀ àwọn ohun mẹ́wàá tí ń ba ẹrù mùsíọ́mù jẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, omi, olè àti kòkòrò dé orí ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin, òun náà sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ló gba àlàyé jù ní èdè wa: kí ohun kan yapa kúrò lára ìmọ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn. Màmá Tísà ló tú u palẹ̀. Ó ní kí a wo aṣọ òkè kan tí a kò mọ ẹni tó hun ún mọ́, tí a kò mọ ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tí wọ́n torí rẹ̀ dá a. “Aṣọ ṣì ni,” ó ní, “ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.”

A tún bẹ ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ ní Jos láti bá wa lo ọjọ́ kan, nítorí pé kíkọ nọ́ńbà sára ohun kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú inú ṣe. Òun ló kọ́ wa pé a kì í fi ọ̀dà èékánná tàbí funfun tí a fi ń pa àṣìṣe rẹ́ ṣe é. Rẹ́sìn Paraloid B-72, irú ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀, ni a ń fi tẹ́ ìsàlẹ̀, a ó kọ nọ́ńbà sórí rẹ̀, a ó sì tún fi bò ó, bí ó bá sì di ọjọ́ kan, àsítóònù yóò tú u kúrò láìpa ìkòkò lára. Ti aṣọ, ọ̀já òwú ni a ń kọ ọ́ sí, tí a ó fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ etí rẹ̀. Òun náà ló ní kí a jáwọ́ nínú fífọ́n oògùn apakòkòrò sára ẹrù. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ní ìlú òyìnbó ni kí wọ́n di ohun náà sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì fi í sínú fìrísà ní −20°C fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí kò ṣeé gbára lé kò jẹ́ kí a lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Dípò bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tí a bá rí igi tó kúnná bí ìyẹ̀fun lábẹ́ rẹ̀, a ó yà á sọ́tọ̀ sínú ọ̀rá tí a dì pa, a ó fi bébà funfun tẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì máa wò ó ní Sátidé Sátidé.

Àkọsílẹ̀ nípa bí ohun ṣe rí náà yẹ kí ó bá RE-ORG rìn. Ní 1987, àwọn olè jí ohun mẹ́sàn-án ní mùsíọ́mù Jos. Bí ohun tí a jí bá dé ọjà ilẹ̀ òkèèrè, fọ́tò, ìwọ̀n àti àpèjúwe àmì ara rẹ̀ ni a ó fi jẹ́rìí pé tiwa ni. Àwọn mùsíọ́mù àgbáyé ní ìlànà kúkúrú kan tí wọ́n ń pè ní Object ID láti 1997, tó sọ ohun tí ó yẹ kí a kọ àti bí a ṣe ń ya fọ́tò rẹ̀. Ọmọ agùnbánirọ̀ wa fi fóònù ṣe é fún ọgọ́rùn-ún ohun àkọ́kọ́ láàárín Sátidé mẹ́fà.

Ní ti owó, pákó pẹpẹ, àpótí oníke tó ní ìdérí, bébà àti ọ̀já òwú nìkan ni a rà. Ohun tó ṣòro ju owó lọ ni ọwọ́ àwọn aláṣẹ. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó wà ní ipò àṣẹ kò bá tíì buwọ́ lu ìwé pé òun fọwọ́ sí i, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ bá kó àga olókìkí kan jáde ní yàrá ìpamọ́ ni ẹ ó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ sì fi ọkàn sí i pé yóò gba àkókò. Oṣù márùn-ún ti Sátidé ni a lò. Àwọn ìlànà tí a kọ sílẹ̀ wá wúlò ju bí mo ti rò lọ, nítorí pé nígbà tí ọmọ agùnbánirọ̀ wa parí ọdún rẹ̀, ẹni tó dé lẹ́yìn rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà láàárín Sátidé méjì, Malam àti obìnrin Gbagyi yẹn ni wọ́n sì kọ́ ọ.

Ní oṣù tó kọjá, a tún mú ohun mẹ́wàá nínú ìwé, a sì tún ka àkókò. A rí mẹ́sàn-án, èyí tó pẹ́ jù kò sì ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ̀kẹwàá ni gángan kan tí ìdílé kan ní Ìlọrin fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. A ti wo gbogbo pẹpẹ, gbogbo àpótí àti ìwé ẹrù yíyá. Pẹ̀lú ètò tó wà nílẹ̀ báyìí, ó dá wa lójú pé kò sí nínú ilé, èyí tí a kò lè sọ ní ọdún tó kọjá. Màmá Tísà ti kọ lẹ́tà sí ìdílé náà láti béèrè bóyá wọ́n wá mú un padà, a sì ń retí èsì wọn.